Wọ́n tún ti fagi lé respite màmá wa, kí lẹ̀ ń ṣe níbi tẹ́ ẹ wà?

Ọmọ Aké (England): Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará wa, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Ábẹ́òkúta náà ẹ kú ojúmọ́. Màmá ọkọ mi ń gbé lọ́dọ̀ wa, àrùn ìgbàgbé ti mú wọn, wọn kì í sùn lóru, èmi ni mò ń tọ́jú wọn tí mo tún ń lọ síbi iṣẹ́. Hospital kékeré àdúgbò wa ló máa ń gbà wọ́n fún ọ̀sẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí n lè sinmi, òun ni wọ́n ń pè ní respite, àmọ́ wọ́n pè wá lánàá pé nọ́ọ̀sì ò tó, àwọn ti ti bẹ́ẹ̀dì yẹn pa, wọn ò sì sọ ìgbà tí wọ́n máa ṣí i. Ó ti rẹ̀ mí wọnú egungun. Ọkọ mi ní ká kúkú mú màmá padà sílé n'Ítòkò l'Ábẹ́òkúta. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìyá Ìbejì (England): Pẹ̀lẹ́ ìyàwó wa, Ọlọ́run á fún ẹ lókun. Irú wọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Tí nọ́ọ̀sì tó níwèé ò bá pé lórí shift, bẹ́ẹ̀dì la máa ń dín kù, respite ló sì máa ń kọ́kọ́ lọ torí wọ́n gbà pé ẹni yẹn ṣì ní ilé àti ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀, ẹni tí hospital ńlá fẹ́ dá sílẹ̀ ni wọ́n á fi bẹ́ẹ̀dì náà fún. Èyí ò dáa rárá, torí tí alágbàtọ́ bá ṣubú, ẹni méjì ló máa dé hospital. Àwọn kéaragífà tó ń wá sílé náà ti ṣọ̀wọ́n, láti 11 March 2024 àwọn tó ń ti òkè òkun wá ṣe é ò lè kó ìyàwó tàbí ọmọ wá mọ́, nígbà tó di 22 July 2025 ìjọba ti ilẹ̀kùn mọ́ gbígba ẹni tuntun láti òkè òkun fún iṣẹ́ yẹn. Má dúró de bẹ́ẹ̀dì yẹn nìkan. Kọ ìméèlì, má fi mọ sórí fóònù, bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ fi rọ́pò ẹ̀. Kó o sì bi wọ́n bóyá NHS, ètò ìlera ìjọba, ló ń sanwó ẹ̀ ni àbí káńsù àdúgbò yín, torí ti NHS ọ̀fẹ́ ni, tó bá jẹ́ ti káńsù wọ́n á wo owó tí màmá ní kí wọ́n tó sọ iye tí màmá máa san.

Ọmọ Lántòrò (England): Sístà, ṣé ẹ ti ṣe carer's assessment, tí káńsù fi máa ń wo ìrànlọ́wọ́ tí alágbàtọ́ nílò? Ti màmá lọ́tọ̀, tiyín lọ́tọ̀. Òfin Care Act 2014 ló fún yín, ọ̀fẹ́ ni, káńsù yín ni kẹ́ ẹ pè. Tí wọ́n bá wá, ẹ má sọ pé "à ń gbìyànjú" bí a ṣe máa ń sọ ọ́ nílé wa, alẹ́ tó burú jù ni kẹ́ ẹ sọ fún wọn, ẹ sọ iye ìgbà tẹ́ ẹ jí, ẹ sọ pé màmá ti ṣílẹ̀kùn jáde rí. Tí wọ́n bá gbà pé ẹ nílò ìrànlọ́wọ́, ẹ béèrè direct payment, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa fi owó yẹn wá ẹni tó máa jókòó ti màmá, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ rí ọmọ Yorùbá ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí yín tó níwèé iṣẹ́. Ìbátan tó ń gbé inú ilé kan náà, wọn kì í sábà gbà kẹ́ ẹ san án fún un.

Ọmọ Aké: Ẹ ṣé gan-an. Fíṣà tèmi sọ pé no recourse to public funds, pé mi ò gbọ́dọ̀ gba owó ìrànlọ́wọ́ ìjọba ńkọ́? Ẹ̀rù ló ń bà mí tí mi ò fi pe káńsù.

Ọmọ Lántòrò: Assessment ò sí lára public funds, ìrànlọ́wọ́ sóṣàlì wọ́kà náà ò sí níbẹ̀, ẹ pè wọ́n. Owó ìjọba bíi Carer's Allowance àti Attendance Allowance ló wà lára ẹ̀, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù owó kankan ẹ bi lọ́yà ìmígíréṣọ̀n.

Nọ́ọ̀sì Àgbà (Abẹ́òkúta): Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ káàbọ̀. Mo ti fẹ̀yìn tì, àmọ́ ọ̀rọ̀ mímú màmá wálé yìí ló mú mi kọ̀wé. Kò sí ohun tó ń jẹ́ respite níbí o. Ì báà jẹ́ FMC Ìdí-Abà, ì báà jẹ́ State Hospital n'Íjàyè, ẹbí ló máa dúró ti aláìsàn, ẹbí ló máa wẹ̀ ẹ́, ẹbí ló máa sáré ra oògùn. Nígbà tí Dókítà Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ l'Árò lọ́dún 1954, ó ní kí ẹbí bá aláìsàn wá, kí wọ́n jọ máa gbé láwọn abúlé tó yí ibẹ̀ ká, ó sì ṣiṣẹ́ dáadáa. Àmọ́ nígbà yẹn ẹbí pọ̀ nílé. Ní báyìí àwọn nọ́ọ̀sì wa ti wà lọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún, àwọn ọmọ náà ti japa, ta ló kù n'Ítòkò? Tó bá jẹ́ àǹtí kan ṣoṣo, ẹ̀ ń gbé àárẹ̀ yín lé e lórí ni. Tẹ́ ẹ bá máa mú wọn wá, ẹ gba èèyàn méjì, kí wọ́n máa pààrọ̀ ara wọn, kí àǹtí yẹn ní ọjọ́ tirẹ̀ tí kò ní dé ọ̀dọ̀ màmá rárá, kẹ́ ẹ sì máa sanwó wọn lásìkò. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀sílíárì kankan gún màmá lábẹ́rẹ́. Ẹni tó bá ní nọ́ọ̀sì lòun, ẹ ní kó mú láísẹ́ǹsì Nursing and Midwifery Council ti Nàìjíríà jáde.

Ọmọ Ìjẹmọ̀ (Ontario, Canada): Ní tiwa níbí, long-term care home, ilé ìtọ́jú àwọn àgbà, máa ń gba èèyàn fún ìgbà díẹ̀, kò lè ju ọjọ́ 60 lọ lẹ́ẹ̀kan, kò sì lè ju 90 lọ lọ́dún, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń jẹ́ Ontario Health atHome lẹ máa gbà wọlé. Ẹ tètè fi orúkọ sílẹ̀ kó tó rẹ̀ yín. Ohun kan tí mo fẹ́ fi kún un, ẹ kọ ìwé kan nípa màmá tó máa bá wọn lọ síbikíbi, torí àwọn àgbà tí àrùn yìí bá ń ṣe lè padà sí èdè Ẹ̀gbá pọ́ńbélé, kí kéaragífà mọ ohun tí màmá ń sọ tí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n wọ́n, kó mọ̀ pé láfún ni wọ́n máa ń jẹ kì í ṣe pòtétò, kó mọ̀ pé orúkọ tí wọ́n ń dáhùn kì í ṣe èyí tó wà nínú pásípọ́ọ̀tù.

Ọmọ Aké: Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣé, ọkọ mi ti kà á, ó ti dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ Ìtòkò. Mo máa pe káńsù lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dáhùn ńkọ́? Ó ní ibiṣẹ́ òun ò ní gbà kóun jókòó sílé.

Ìyá Ìbejì: Wọ́n á gbà. Láti 6 April 2024, ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ sí ọ̀sẹ̀ kan lọ́dún láti fi tọ́jú ẹbí, wọn ò ní sanwó ẹ̀ o, àmọ́ ó lè mú un ní ìdajì ọjọ́ ìdajì ọjọ́. Wọ́n lè sún ọjọ́ ẹ̀ síwájú, wọn ò lè kọ̀, wọn ò sì lè béèrè ìwé dókítà. Tó bá jẹ́ ọjọ́ kan ló fẹ́, kó sọ fún wọn ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Kó kọ ọ́ sí HR lálẹ́ òní.