Kọ́ọ̀sì yunifásítì lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣé ọ̀fẹ́ náà ni lóòótọ́?

ọmọ_Ọ̀ṣogbo:
Ẹ̀yin ará ibí, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ kóòdù, owó yunifásítì ò tíì sí, wọ́n wá ní Harvard àti MIT, àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, ń kọ́ èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Mo wọ ibì kan lálẹ́ àná, kọ́ọ̀sì ọ̀hún wù mí gan-an, bí mo ṣe ní kí n bẹ̀rẹ̀ báyìí ni wọ́n ní kí n gbé nọ́ńbà káàdì báńkì wá, mo bá yáa jáde. Ẹ dákun, èwo ni ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi tí màá sì rí sátífíkéètì gbà? Dátà mi náà ò pọ̀ o.

Bàbá Ìbejì:
Àbúrò, o ṣeun tó o béèrè kó o tó fi káàdì sílẹ̀. Ọ̀fẹ́ yìí ò rí bákan náà o. MIT OpenCourseWare, ìkànnì kọ́ọ̀sì MIT tí wọ́n ti kéde látọdún 2001, ìyẹn ò béèrè nǹkan kan, o ò tiẹ̀ ní forúkọ sílẹ̀, nóòtì àti ìdánwò wà níbẹ̀ kó o máa dà wọ́n sórí fóònù, àmọ́ kò sí sátífíkéètì. Coursera àti edX, àwọn ìkànnì tó ń kó kọ́ọ̀sì oríṣiríṣi yunifásítì jọ, sátífíkéètì gan-an ni wọ́n ń gbowó lé lórí jù.

Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ kóòdù lo fẹ́, CS50, kọ́ọ̀sì Harvard fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kóòdù, ni kó o gbájú mọ́. Sátífíkéètì táwọn fúnra wọn ń fúnni, ọ̀fẹ́ ni, èyí tó bá gba ọ̀dọ̀ edX wá ló lówó nínú. Ṣùgbọ́n wà á ṣiṣẹ́ o! Wà á ṣe gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n bá gbé fún ẹ, wà á sì gba ó kéré tán 70 nínú 100 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ kan wà níbẹ̀rẹ̀, wọ́n á ní kó o kọ kóòdù tó máa to àmì # léra wọn bí òkè inú géèmù Mario, tó o bá parí, check50, irinṣẹ́ wọn tó ń yẹ kóòdù wò, á yẹ̀ ẹ́ wò, ibi tó o ti gbà á á yọ ojú ẹ̀rín aláwọ̀ ewé, ibi tó o ti ṣì í á fajú ro ní pupa. Inú èèyàn máa ń dùn gan-an tí gbogbo ẹ̀ bá di aláwọ̀ ewé.

Àńtí Tóyìn:
Ní ti dátà, fídíò wọn gùn, ọ̀pọ̀ á tó wákàtí méjì, nóòtì ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni kó o kọ́kọ́ kà, ó kún dáadáa. Tó bá jẹ́ ti Coursera ló wù ẹ́, wá ibi tí wọ́n ti ń tọrọ ìrànwọ́ owó, wà á kọ àlàyé ìdí tó o fi fẹ́ ẹ, kọ ọ́ lọ́rọ̀ ara ẹ. Má wo kóòdù ẹlòmíì dà kọ ní CS50 o, wọn kì í fojú rere wò ó rárá.

ọmọ_Ọ̀ṣogbo:
Ẹ ṣé gan-an, Bàbá Ìbejì, Àńtí mi. Ṣé mo lè fi fóònù nìkan ṣe é?

Bàbá Ìbejì:
O lè fi ka nóòtì. Kóòdù kíkọ ló máa ni ẹ́ lára, inú búráúsà ni wọ́n ti ń kọ ọ́, kò nílò kọ̀ǹpútà olówó ńlá, lábtọ́ọ̀pù àlòkù tó bá ṣáà ti lè ṣí íntánẹ́ẹ̀tì ti tó.