Àbọ̀ lórí omi dàbínù tí kò hó: ó ti yanjú

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ará. Ìbéèrè mi ni pé kí ló dé tí omi dàbínù tí a fẹ́ fi mú ìwúkàrà àdáyébá (kòkòrò tín-ín-tín tó ń sọ ṣúgà di ọtí) fún bùrùkùtù, ọtí ọkà bàbà, kò hó lẹ́yìn ọjọ́ 4. Omi tó ń rùn kílórínì, oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi, ló fà á, àti òtútù ọyẹ́ Àbújá lóru.

Ẹ se omi mílílítà 500 fún ìṣẹ́jú 15, kí ó tutù pátápátá. Ẹ fi dàbínù 8 sí i, ṣúgà ṣíbí ìjẹun 1, omi ọsàn wẹ́wẹ́ ṣíbí kékeré 1. Omi tútù ni kí ẹ fi ṣan dàbínù, ẹ̀ẹ̀kan péré. Omi gbígbóná á pa ìwúkàrà ara èèpo rẹ̀. Ẹ má dé ìgò pa o, ó lè bẹ́! Ẹ fi aṣọ wé e, kí ẹ gbé e síbi tó lọ́wọ́ọ́rọ́.

Híhó ọjọ́ kejì kò tíì tó láti gbọ́kàn lé, torí kòkòrò mìíràn náà máa ń hó. Imú ni kí ẹ fi mọ̀ ọ́n: òórùn èso àti búrẹ́dì ló dára. Bó bá bu lójú, ẹ da gbogbo rẹ̀ nù.

Bí òórùn rẹ̀ bá dára, ẹ wá bu mílílítà 50 nínú omi dàbínù náà sínú mílílítà 500 omi ọkà bàbà sísè tó ti tutù. Bó bá hó dáadáa láàárín wákàtí 24, ó ti tó fún ìkòkò ńlá.