Báwo ni a ṣe ń mọ olùtọ́jú tó mọṣẹ́, nígbà tí àìsàn kò bá gbóògùn mọ́?

Ọmọ Òkè-Súná béèrè:

Ẹ kú ilé, ẹ̀yin ará wa. Ìyá mi, ẹni ọdún 68, ní jẹjẹrẹ ọmú tí ó ti wọ inú egungun ẹ̀yìn wọn. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, dókítà tí ó ń wò wọ́n pè wá jókòó, ó ní kí a má gbé wọn sáré kiri mọ́, pé ohun tí ó kù láti ṣe ni kí ara máa tù wọ́n, kí ìrora má sì máa gba oorun lójú wọn. Ó ní kí a wá àwọn tí wọ́n kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú ìtura, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní họ́sípíìsì. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tí ó wà ní Èkó àti àbúrò wa tí ó wà ní Kánádà ni yóò sanwó. Èmi ni mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn Màmá tọ̀sán tòru.

Ọ̀nà méjì ni a rí ní Ìlọrin níbí. Àwọn kan ń wá sílé, nọ́ọ̀sì wọn ń wá lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, dókítà sì ń wá lẹ́ẹ̀kan. Àwọn kejì ní ilé kan lẹ́yìn ìgboro tí wọ́n ń gba aláìsàn sí. Mo lọ wo ilé náà: ó mọ́ tónítóní, aṣọ fèrèsé rẹ̀ funfun, jẹnẹrétọ̀ ńlá wà lẹ́yìn, ìwé ẹ̀rí sì kún ara ògiri. Mo bi obìnrin tí ó mú mi kiri pé kí ni wọ́n máa ń ṣe bí ìrora bá dé lóru. Ó ní, “Ẹ fọkàn balẹ̀, Ọlọ́run yóò ṣe é.” Mo ṣe àmín, ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé ni mo rí i pé kò dáhùn ìbéèrè mi.

Bí ènìyàn bá fẹ́ ra iṣu ní ọjà Ìpàtà, yóò gbé e lọ́wọ́, yóò sì fi èékánná họ ọ́ wò. Kí ni a lè họ wò nínú irú iṣẹ́ yìí kí a tó sanwó, nígbà tí ó jẹ́ pé a kì í ṣe dókítà?

Nọ́ọ̀sì Afẹ̀yìntì fèsì:

Ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Ẹ gbàgbé aṣọ fèrèsé àti jẹnẹrétọ̀ ná.

Ohun tí èmi yóò kọ́kọ́ béèrè ni mọ́fíìnì, oògùn ìrora tó lágbára. Láti ọdún 1986 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ti tẹ àkàbà onípele mẹ́ta jáde fún ìrora jẹjẹrẹ: parasitámọ́ọ̀lù àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó wà nísàlẹ̀, kódíìnì àti àwọn ẹgbẹ́ tirẹ̀ ni ó wà láàárín, mọ́fíìnì ni ó wà lókè. Jẹjẹrẹ tí ó bá ti wọ egungun sábà máa ń gun àkàbà náà dé òkè. Nítorí náà, àwọn tí kò ní mọ́fíìnì, tí wọn kò sì mọ ibi tí wọn yóò ti gbà á, ẹ̀bẹ̀ lásán ni wọn yóò máa bẹ Màmá lóru. Kì í ṣe oògùn tí kẹ́mísì ìtòsí ilé lè tà, òfin dè é mọ́lẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé ilé ìwòsàn wo ni wọ́n ti ń gbà á, ìgbà wo ni ó tán lọ́wọ́ wọn kẹ́yìn, àti ohun tí wọ́n ṣe fún àwọn aláìsàn wọn ní ọjọ́ náà. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé kò tán lọ́wọ́ òun rí, ẹ ṣọ́ra fún un, nítorí pé ní Nàìjíríà yìí, ó ń tán.

Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń lò ó. Mọ́fíìnì olómi tí a ń mu, wákàtí mẹ́rin mẹ́rin ni a ń fún aláìsàn, a kì í dúró kí ó sunkún kí a tó fún un, a sì máa ń fi ìwọ̀n díẹ̀ sílẹ̀ fún ìrora tí ó bá já lu ènìyàn láàárín. Oògùn náà máa ń dí ìgbẹ́ mọ́ni nínú gan-an. Ẹni tí ó bá fún ìyá yín ní mọ́fíìnì tí kò sì fún wọn ní oògùn tí ń mú inú rọ̀ ní ọjọ́ kan náà, kò ka iṣẹ́ yẹn dé ìparí. Ó sì yẹ kí wọ́n bá gbogbo ilé yín sọ̀rọ̀, nítorí pé láìpẹ́, àǹtí kan yóò wá láti abúlé, yóò sì sọ pé oògùn ikú ni ẹ ń fún Màmá tàbí pé yóò di bárakú fún wọn. Bí wọ́n bá lò ó bí ó ti yẹ, kì í mú kí ikú tètè dé, bárakú kọ́ sì ni ìṣòro ẹni tí jẹjẹrẹ ń jẹ ní egungun.

Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé tí wọ́n ń kọ ìrora aláìsàn sí hàn yín, èyí tí a kò tí ì kọ nǹkan kan sí. Bí wọ́n bá ṣí ti aláìsàn mìíràn fún yín láti kà, ẹ mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ náà ni wọn yóò ṣe ṣí ti ìyá yín fún ẹlòmíràn.

Ní ti ìwé ẹ̀rí ara ògiri, ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni àwa nọ́ọ̀sì ń sọ ìwé àṣẹ wa dọ̀tun, àwọn dókítà sì ń ṣe tiwọn lọ́dọọdún. Ẹ wo ọdún tí ó wà lórí rẹ̀. UITH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìlọrin, ní ọ̀nà Jẹ́bà àtijọ́, ní àwọn tí ń rí sí ìrora àti ìtọ́jú ìtura. UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìbàdàn, náà ní tirẹ̀. Bí ẹgbẹ́ aládàáni kan bá ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Ìlọrin tí kò sì mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, èmi yóò fẹ́ mọ ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un. Nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀gá kan wà tí kì í ka ìwé aláìsàn kí ó tó gbé gìgísẹ̀ rẹ̀ sókè. Yóò fi àtẹ́lẹwọ́ gbé e, yóò fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án bóyá ó gbóná, yóò sì fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ bóyá ó le, nítorí pé lára àwa adúláwọ̀, pípọ́n awọ tí ó máa ń ṣáájú egbò ìdùbúlẹ̀ kì í tètè hàn. Láti ibẹ̀ ni yóò ti mọ̀ bóyá wọ́n yí aláìsàn náà nípò lóru tàbí wọ́n fi í sílẹ̀ bí wọ́n ṣe tẹ́ ẹ. Bí nọ́ọ̀sì bá wá sí ilé yín ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí kò wo gìgísẹ̀ Màmá, ìdí wọn àti inú ẹnu wọn, bí ó tilẹ̀ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru nígbà mẹ́wàá, kò tí ì bẹ̀rẹ̀.

Àkọ́bí Òmù-Àrán fèsì:

Ẹ̀yin Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun púpọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi kún un, ó sì ká mi lára. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ni ó pa bàbá wa. Àwọn tí a gbà láti máa tọ́jú wọn dára lójú mọmọ: wọ́n ń kí ènìyàn, wọ́n ń fọ ẹnu Bàbá, wọ́n sì ń kọ gbogbo nǹkan sílẹ̀. Nígbà tí ó di òru Sátidé kan, ní nǹkan bí aago méjì, Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í fi orí gbá ògiri. Mo pe nọ́ńbà tí wọ́n ní ó wà fún òru, ó ń dún, kò sẹ́ni tí ó gbé e. Mo pè títí bátìrì fóònù mi fi kú. Igo oògùn wà lórí tábìlì níwájú mi, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí ó kọ́ mi pé mo lè fún wọn ní àfikún tàbí ìwọ̀n tí n kò gbọdọ̀ kọjá, ẹ̀rù sì bà mí pé n ó fi ọwọ́ ara mi pa bàbá mi. Títí ilẹ̀ fi mọ́ ni mo kàn di ọwọ́ wọn mú. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, nọ́ọ̀sì wá pẹ̀lú ẹ̀rín, ó mú ọsàn wá, ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.

Nítorí náà, ẹ má béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n ní nọ́ńbà òru. Ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì fúnra yín pè é ní aago méjì òru kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Ẹ béèrè pẹ̀lú pé ibo ni ẹni tí yóò wá náà ń gbé. Àwọn tiwa ń ti Ìlọrin wá, láti ibẹ̀ sí Òmù-Àrán sì ju wákàtí kan lọ lójú mọmọ, ká má tíì sọ ti òru.

Ọmọ Alfa, Gaa-Àkànbí, fèsì:

Ọlọ́run yóò foríji Bàbá. Ṣùgbọ́n kí a má tìtorí èyí gbàgbé ilé tí wọ́n ń gba aláìsàn sí pátápátá o. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń gbé aláìsàn dìde, tí ó ń sè, tí ó ń fọ̀, kò ní pẹ́ tí òun náà yóò fi dùbúlẹ̀. Ẹ béèrè iye aláìsàn tí nọ́ọ̀sì kan ń mójú tó lóru níbẹ̀. Iye yẹn ni kí ẹ fi ṣe ìdájọ́.

Ẹ tún wò ó bóyá wọ́n ń béèrè ohun tí aláìsàn fẹ́, yàtọ̀ sí ohun tí ń dùn ún. Cicely Saunders, ẹni tí ó dá ilé ìtọ́jú St Christopher's sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1967, ni ó tẹnu mọ́ ọn pé ìrora kì í wà nínú ara nìkan, ó ń wà nínú ọkàn, láàárín ẹbí àti nínú ìgbàgbọ́ pẹ̀lú. Nígbà tí ìyá àgbà tiwa ń lọ, inú oṣù Ramadan ni, wọ́n sì takú pé àwọn yóò gbààwẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni oògùn ti tó mu. Nọ́ọ̀sì wọn kò bá wọn jiyàn. Ó ní kí n lọ pe alfa tí wọ́n ń kírun lẹ́yìn rẹ̀ wá, alfa ṣàlàyé pé ẹni tí àìsàn rẹ̀ kò nírètí ìwòsàn lè máa bọ́ aláìní kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan dípò ààwẹ̀, wọ́n sì gba síbí mu oògùn níwájú rẹ̀. Ẹ béèrè bóyá obìnrin ni yóò máa wẹ Màmá, àti bóyá wọn yóò bi Màmá fúnra wọn léèrè ibi tí wọ́n fẹ́ kí a bá àwọn sọ òótọ́ dé.

Èyí tí ó kẹ́yìn le láti béèrè, ṣùgbọ́n ẹ béèrè. Ní ilẹ̀ wa níbí, bí ẹlẹ́mìí bá gbà á ní àárọ̀, a kì í fẹ́ kí ó di ọjọ́ kejì. Ta ni yóò wá jẹ́rìí sí i? Ta ni yóò yọ rọ́bà ìtọ̀, èyí tí a fi sí aláìsàn lára kí ìtọ̀ lè máa jáde, kí àwọn obìnrin tó wẹ̀ wọ́n? Ìgbà tí ó kan ilé àwọn ará àdúgbò wa kan, rọ́bà náà ni a dúró dè títí di àṣálẹ́.

Ọmọ Òkè-Súná padà wá:

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Mo pè wọ́n lóru. Ní ilé ti ẹ̀yìn ìgboro, mégáàdì ni ó gbé e, ó ní nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀ àti pé aláìsàn mẹ́sàn-án ni. Àwọn tí ń wá sílé, obìnrin kan gbé e pẹ̀lú ohùn oorun, kò tilẹ̀ béèrè orúkọ mi, ó ní, “Ṣé ìrora ni, àbí èémí?” Ojú tì mí láti sọ pé mo kàn ń dán wọn wò ni.

Wọn kì í jáde lóru, wọn kò sì fi í pa mọ́. Wọ́n ní nítorí ọ̀nà ni, pé fóònù nìkan ni, ṣùgbọ́n wọn yóò kọ́ mi bí a ṣe ń fún Màmá ní ìwọ̀n àfikún, wọn yóò sì fi ìlà sàmì sí ara síríńjì. Wọ́n sọ pé mọ́fíìnì tán lọ́wọ́ àwọn nínú oṣù tí ó kọjá, pé Ìbàdàn ni wọ́n ti lọ gbé e. Ní ti rọ́bà ìtọ̀, ó ní, “Àwa ni yóò yọ ọ́, bí a kò bá sì tètè dé, a ti kọ́ yín.” Ẹ̀gbọ́n mi ní owó àwọn tí ń wá sílé pọ̀ ju ti ilé ẹ̀yìn ìgboro lọ. Mo ní kí ó wá sùn níbí ní òru kan.

Nọ́ọ̀sì àwọn tí ń wá sílé wá ní àárọ̀ yìí. Gìgísẹ̀ ni ó kọ́kọ́ wò. Nígbà tí ó béèrè bí ìrora ṣe tó, Màmá ní àwọn kì í ka ìrora. Ó ní kí wọ́n di ẹ̀ṣẹ́ bí kò bá sí rárá, kí wọ́n na ìka márààrún bí ó bá le jù. Màmá na mẹ́rin. Lẹ́yìn ìrun alẹ́, mo béèrè, wọ́n na méjì. Mo kọ ọ́ sínú ìwé náà, mo sì kọ aago sí iwájú rẹ̀.