Cruise control kì í wakọ̀: ìdí tí mo fi ní ká pè é ní amérédọ́gba

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ látìgbà tí ẹ̀gbọ́n wa kan l'Ọ̀yọ́ ti béèrè pé kí ni ká máa pe cruise control (ẹ̀rọ inú mọ́tò tó ń di iye eré tí dẹ́rẹ́bà bá yàn mú láìjẹ́ pé ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ epo) àti throttle (ohun tó ń mú kí agbára ẹ́ńjìnnì pọ̀ sí i tàbí kó dín kù) ní Yorùbá, torí pé wọ́n ń tú ìwé ìlò àwọn pikọ́ọ̀pù dísẹ́ẹ̀lì ńlá kan tó wá láti Amẹ́ríkà fún àwọn dẹ́rẹ́bà tó ń fi wọ́n kó irinṣẹ́ kànga dẹ̀rọ. Fún cruise control, àwọn kan ní ìṣàkóso ìgbafẹ́, àwọn kan ní awakọ̀-fúnra-rẹ̀, ẹ̀gbọ́n fúnra wọn ní ìjánu eré, àwọn ọ̀dọ́ inú wa sì ní ká fi kúrúùsì sílẹ̀ bó ṣe wà. Fún throttle, ọ̀fun ẹ́ńjìnnì lẹ́nu ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kò lé lórí. Kò sí èyí tí mo fara mọ́ nínú gbogbo ẹ̀, mo sì máa sọ ìdí ẹ̀, torí ọ̀rọ̀ yìí ò ní parí sínú ìwé, ẹni tó bá ka orúkọ yẹn tó gbà á gbọ́ máa jókòó sẹ́yìn sítíárìn lọ́nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú ẹrù irin lẹ́yìn.

Ìṣàkóso ìgbafẹ́, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ kíá. Ọ̀rọ̀ cruise yẹn, èdè àwọn ará Netherlands ni Gẹ̀ẹ́sì ti yá a, kruisen, ìyẹn kéèyàn máa dábùú, ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ tó ń bọ̀ lórí òkun ni wọ́n ń fi sọ kó tó dé orí mọ́tò. Kò sí fàájì kankan níbẹ̀. Ẹni tó bá wo díṣọ́nárì tó mú ìgbafẹ́ jáde, ọ̀rọ̀ ló tú, kò tú nǹkan tí ọ̀rọ̀ ń ṣe.

Kúrúùsì náà, mo mọ̀ pé òun ló yá jù lẹ́nu, mẹkáníìkì sì lè máa lò ó lọ, kò sẹ́ni tó máa gbà á lẹ́nu wọn. Àmọ́ ẹ lọ sí ẹnu ọ̀nà yunifásítì LAUTECH l'Ògbómọ̀ṣọ́ níbí kẹ́ ẹ gbọ́ bí àwọn ọmọ ṣe ń lò ó, kúrúùsì ni yẹn tí wọ́n bá ń ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n kàn ń fi èèyàn ṣe kúrúùsì. Ọ̀rọ̀ náà ti ní iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe láàárín àwọn tó máa wa mọ́tò yìí lọ́la. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìlò pé kúrúùsì ò ṣiṣẹ́ lójú òjò, kí ọmọ ogún ọdún kà á, mi ò mọ nǹkan tó máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn.

Awakọ̀-fúnra-rẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù. Cruise control tó wà lára irú pikọ́ọ̀pù tí à ń sọ yìí ò wa nǹkan kan. Kò mọ kọ́ọ̀nà, kò mọ kòtò, kò mọ̀ pé tírélà kan ti bàjẹ́ sójú ọ̀nà níwájú tí wọ́n fi ewé há a lẹ́yìn. Nǹkan kan péré ló mọ̀, iye eré tí ẹ ní kí mọ́tò máa sá. Ó ń wo eré tí mọ́tò ń sá báyìí, ó ń fi wé èyí tẹ́ ẹ fún un, tó bá dín á fi kún epo, tó bá ti lé á dín epo kù, ó tán. Ọgbọ́n yẹn ti pẹ́, James Watt ti lo irú ẹ̀ lára ẹ́ńjìnnì olóoru ní 1788, irin róbótó méjì tó ń pòòyì, tí eré bá ti pọ̀ jù wọ́n á fẹ̀ síta, bí wọ́n sì ṣe ń fẹ̀ síta ni wọ́n á máa pa ẹnu ọ̀nà oru dé díẹ̀díẹ̀. Kò sẹ́ni tó pe irin yẹn ní awakọ̀. Lásìkò òjò wàyí, tí táyà bá gorí omi tí kò rí ilẹ̀ dì mú, ẹ̀rọ tó kàn ń lé iye eré ò mọ̀ pé ewu ti dé, ẹsẹ̀ èèyàn nìkan ló mọ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ṣe mọ́tò fi máa ń kìlọ̀ pé ká má lò ó tí ojú ọ̀nà bá tutù. Ẹ wá pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní awakọ̀ kẹ́ ẹ sì ní kí dẹ́rẹ́bà má sùn?

Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ gan-an ti gba ojú ọ̀nà yìí rí. Ẹni tó ṣe é ni Ralph Teetor, ẹ́ńjíníà ní Hagerstown ní ìpínlẹ̀ Indiana, tí ojú ẹ̀ ti fọ́ látìgbà tó wà lọ́mọ ọdún 5. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé tí lọ́yà rẹ̀ bá ń gbé e lọ nínú mọ́tò, bí lọ́yà bá ti ń sọ̀rọ̀ mọ́tò á máa falẹ̀, tó bá di pé ó ń tẹ́tí gbọ́rọ̀ mọ́tò á tún máa sáré, ẹni tí kò ríran sì máa ń fi gbogbo ara gbọ́ eré, ara Teetor ò gbà á mọ́ ló bá lọ wá nǹkan ṣe sí i. Wọ́n fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ (patent) lórí iṣẹ́ yẹn ní 1950. Nígbà tó wá dé ara mọ́tò Chrysler ti 1958, Auto-Pilot ni wọ́n pè é, ìyẹn awakọ̀-fúnra-rẹ̀ tiwa yìí gẹ́lẹ́, Cadillac ló wá pè é ní Cruise Control tí gbogbo ayé fi ń pè é. Àmọ́ orúkọ kan tún wà lára àwọn tí wọ́n lò fún un, Speedostat, èyí tó sún mọ́ òótọ́ jù lọ lójú tèmi: ìparí ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n fi ń pe thermostat tó ń mú kí ooru dúró sójú kan. Eré tó dúró sójú kan, ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe nìyẹn.

Ó wá ku ìjánu eré. Ẹ̀gbọ́n, mo mọ ibi tẹ́ ẹ ti mú un wá, ọ̀rọ̀ ẹṣin ò sì jìnnà sí ọmọ Ọ̀yọ́, ẹṣin ni Ọ̀yọ́ fi jagun tó fi gbilẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjánu ti lọ́kọ. Ó ti pẹ́ tí ìjánu ti jẹ́ bíréèkì ní Yorùbá, ọmọ ilé ìwé mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀, redíò ń lò ó bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá pe cruise control ní ìjánu eré, ìwé yín á máa sọ pé tẹ ìjánu kí ìjánu eré lè kú, torí bíréèkì gan-an ló ń pa á. Èyí tó wá burú jù ni pé ẹni tó bá gbọ́ ìjánu á rò pé ó máa dá mọ́tò dúró. Cruise control àtijọ́ lára pikọ́ọ̀pù kì í dá mọ́tò dúró, epo nìkan ló lè fi kún tàbí kó yọ ọwọ́ ńlẹ̀, tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹrù mọ́tò á kọjá eré tẹ́ ẹ fún un, ẹsẹ̀ yín àti jíà ló máa gbà yín. Ibi tí bíréèkì àti cruise control ti pàdé kì í ṣe ibi à ń gbójú fò rárá. Láàárín 1999 sí 2009 Ford pe ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù mọ́tò padà nítorí súwíìṣì kékeré kan tó máa ń pa cruise control tí wọ́n bá tẹ bíréèkì, pikọ́ọ̀pù pọ̀ nínú wọn, omi bíréèkì ń jò wọnú ibi tí iná ẹ̀lẹ́tíríìkì wà, mọ́tò sì lè gbaná níbi tí wọ́n páàkì ẹ̀ sí. Orúkọ méjèèjì gbọ́dọ̀ jìnnà síra.

Ọ̀rọ̀ throttle ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí gùn. Lóòótọ́ ọ̀fun wà nínú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn, kí wọ́n throttle èèyàn ni kí wọ́n fún un lọ́rùn. Nínú ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù ó sì bá a mu, awo pẹlẹbẹ kan wà lẹ́nu ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, tí ẹ ò bá tẹ nǹkan kan awo yẹn á fẹ́rẹ̀ẹ́ dí i pa, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ á ṣí, afẹ́fẹ́ á pọ̀, epo á sì tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n pikọ́ọ̀pù dísẹ́ẹ̀lì la ń sọ. Dísẹ́ẹ̀lì ò fún ara ẹ̀ lọ́rùn láti fi mọ eré, afẹ́fẹ́ ń wọlé fàlàlà, epo tí nọ́sù ń fín ni wọ́n ń dín kù tí wọ́n ń fi kún. Àwọn tó dé lẹ́nu àìpẹ́ ní awo yẹn o, àmọ́ iṣẹ́ mìíràn ló ń ṣe níbẹ̀, ó ń ran ẹ̀fin tí wọ́n dá padà sínú ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́, ó sì ń jẹ́ kí fílítà ẹ̀fin gbóná kí èédú inú ẹ̀ lè jó. Nítorí pé kò sí nǹkan tó ń fún afẹ́fẹ́ lọ́rùn yìí náà ni dísẹ́ẹ̀lì ò fi ní agbára ìfàmu (vacuum) bíi ti pẹtiróòlù, tí wọ́n fi ń so púńpù pàtàkì kan mọ́ àwọn pikọ́ọ̀pù dísẹ́ẹ̀lì àtijọ́ kí cruise control lè rí nǹkan fi fa wáyà epo. Rọ́bà tó ti ibẹ̀ lọ bá ti là, cruise control á kú, atẹ́gùn ẹsí (AC) náà á pa ojú dà, á máa fẹ́ sí gíláàsì iwájú dípò ojú yín. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni ọ̀fun wà nínú gbogbo èyí?

Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì kó sínú throttle ju ẹyọ kan lọ, a ò sì ní láti bá wọn kó o pọ̀. Èyí tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, mo ní ká pè é ní àtẹ̀sáré, ẹni tó bá fẹ́ kó máa sọ àsẹ́lẹ́rétọ̀ lọ. Awo tó ń ṣí tó ń pa, ilẹ̀kùn afẹ́fẹ́. Èyí tó kù ni sẹ́ńsọ̀ tó wà lára àtẹ̀sáré mọ́tò tí kò ní wáyà irin mọ́, tó ń bá ẹsẹ̀ sọ fún kọ̀ǹpútà pé báyìí ni wọ́n ṣe tẹ̀ mí tó, mo ní ká pe ìyẹn ní ìránṣẹ́ ẹsẹ̀. Ó kéré tán méjì ni wọ́n sábà máa ń fi sí i, kọ̀ǹpútà á gbọ́ ti èkíní á gbọ́ ti èkejì, tí ọ̀rọ̀ wọn ò bá ti bára mu kò ní dá èyíkéyìí nínú wọn lẹ́bi, á kàn dín agbára mọ́tò kù pátá kí ẹ lè rọra dé ibi tí wọ́n á ti tún un ṣe. Wọ́n ń pe ìyẹn ní limp mode, Yorùbá ti ní tiro látijọ́: mọ́tò ń tiro. Tẹ́ ẹ bá sì tẹ̀ ẹ́ tí kò dáhùn rárá, tẹ́ ẹ pa á tẹ́ ẹ tún tan án tó bá dáhùn padà, àtẹ̀sáré dákú ni, kò tíì kú.

Ẹ wo nǹkan tí àìní orúkọ ń dá sílẹ̀. Dẹ́rẹ́bà kan gbé pikọ́ọ̀pù wá sọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì kan nítòsí Tákìẹ́ níbí, ó ní throttle ò ṣiṣẹ́, ó ń sọ pé tóun bá tẹ bọ́tìnnì mọ́tò ò di eré mú. Mẹkáníìkì gbọ́ throttle, wọ́n tú àtẹ̀sáré, wọ́n ra òmíràn, owó ńlá, nǹkan ò yí padà. Ríwáyà kan ló wá béèrè pé ṣé fèrè ń dún. Fèrè ò dún. Wáyà pẹlẹbẹ tó ká sábẹ́ sítíárìn, tó ń gbé iná lọ sí bọ́tìnnì cruise àti fèrè pọ̀, òun ló já. Ká ní ọkùnrin yẹn ti ní ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀rọ tó ń di eré mú àti ọ̀rọ̀ mìíràn fún nǹkan tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, kò sẹ́ni tó máa dé ìdí àtẹ̀sáré. Iná bíréèkì náà ń ṣe irú ẹ̀, tí súwíìṣì ẹ̀ bá há tí iná ẹ̀yìn ò kú mọ́, cruise control á gbà pé ẹ ń tẹ bíréèkì, kò ní gbà láti ṣiṣẹ́, àtẹ̀sáré ò sì mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi mú amérédọ́gba wá. A, mú, eré, dọ́gba. Bí mú ohùn ṣe di móhùn nínú amóhùnmáwòrán tí gbogbo wa ti gbà, bẹ́ẹ̀ ni mú eré ṣe di méré. Ó sọ iṣẹ́ ẹ̀rọ náà, kò fi kún un. Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa ní eré tún jẹ́ eré ọmọdé, òótọ́ ni, àmọ́ kò sẹ́ni tó gbọ́ pé mọ́tò ń sáré tó rò pé mọ́tò ń ṣeré. Ó sì ṣeé sọ lẹ́nu mẹkáníìkì: amérédọ́gba ẹ̀ ò mú, amérédọ́gba ẹ̀ ń já, tàbí eré ń ga eré ń wálẹ̀ nígbà tí amérédọ́gba wà lórí iṣẹ́.

Fún bọ́tìnnì, ẹ̀gbọ́n, èyí tí wọ́n kọ SET sí, ẹ kọ dì í mú. CANCEL, ẹ kọ fi sílẹ̀. RESUME ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún, ẹ má kọ tẹ̀ síwájú, torí eré tí wọ́n ti fún un tẹ́lẹ̀ ló máa padà sí, dẹ́rẹ́bà tó ti tẹ bíréèkì wọ ìlú tó wá tẹ bọ́tìnnì yẹn láìronú, mọ́tò á fò síwájú láti lọ bá eré ojú ọ̀nà. Ẹ kọ padà sí eré àtẹ̀yìnwá, bó tiẹ̀ gùn. Àwọn mọ́tò tuntun wà tó ń fi rédà wo iwájú tó sì lè tẹ bíréèkì fúnra ẹ̀, amérédọ́gba nìkan ò tó fún ìyẹn, mi ò sì fẹ́ kí orúkọ tiwọn ṣi àwọn tó ń wa pikọ́ọ̀pù àtijọ́ lọ́nà, ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ fún un kó gbé e wá ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò.