Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kì ọta .38 Special fúnra mi

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Houston ni mo wà. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń kì ọta 9mm fúnra mi (ìyẹn kéèyàn da ẹ̀tù sínú ìkarahun ọta, kó sì fi orí ọta dé e), kò sí wàhálà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra revolver (ìbọn ìléwọ́ tí ilé ọta rẹ̀ ń yí) tó ń lo ọta .38 Special ni, ìwé òṣùwọ̀n ẹ̀tù rẹ̀ sì ti wà nílẹ̀.

Ohun tó ń já mi láyà ni pé ìkarahun rẹ̀ gùn, ẹ̀tù tó ń gbà ò sì tó nǹkan. Béèyàn bá ṣèèṣì da ẹ̀tù sí i lẹ́ẹ̀mejì, ó lè má hàn. Tọ́ọ̀ṣì ni mo fẹ́ máa fi yọjú wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan (ìyàwó mi ti ń fi mí rẹ́rìn-ín). Ṣé ẹ̀tù kan wà tó máa ń kún inú rẹ̀ dáadáa? Roll crimp (títẹ ẹnu ìkarahun wọnú kó lè di orí ọta mú) ńkọ́, báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé ó ti tó?