Ẹnu ológbò mi ń rùn bí ẹja àná: ṣé wọ́n ń fọ eyín ológbò ni?

Sísí Aránṣọ
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Mo ní ológbò kan ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi nítòsí Ọjà Ọba, níbí ní Àkúrẹ́. Ọ̀gá ni mo sọ ọ́. Eku ló sọ mí di ẹni tó ń sin ológbò: ọjọ́ tí wọ́n gé aṣọ òkè ìyàwó kan jẹ, tí ìgbéyàwó ku ọjọ́ mẹ́rin, ni mo búra. Màmá mi ní níwọ̀n ìgbà tí ológbò bá wà níbẹ̀, òun ò ní ta ẹsẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù mi mọ́. Ọ̀gá ti pé ọdún 6 báyìí.

Ó ti tó oṣù méjì tó jẹ́ pé bó bá ti yán lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ńṣe ni mo máa ń dímú. Mo ní ẹja ṣàwá tó ń jẹ ni, mo pa á tì. Àmọ́ lánàá mo fún un ní orí panla. Ó gbé e, ó dorí kodò sápá kan, ó jù ú sílẹ̀. Ó tún gbé e, ó tún jù ú sílẹ̀, ó wá jókòó ó ń wò ó. Mo bá ká ètè rẹ̀ sókè. Nǹkan kan ti lẹ̀ mọ́ àwọn eyín ẹ̀yìn lápá òkè, ó pọ́n rúsúrúsú bí irin tó dípẹtà, ẹran ìdí eyín sì pupa bíi pé ẹnì kan fi òwú pupa rán etí rẹ̀ yípo. Àbúrò mi ní kí n fi ọṣẹ ìfọyín tiwa fọ̀ ọ́. Kí ni kí n ṣe?

Baba Bọ́lá
Ológbò! Ta ló ń fọyín fún ẹkùn nínú igbó? Àwọn tí ìyá wa àgbà sìn ní Ìdànrè kò fojú kan búrọ́ọ̀ṣì títí wọ́n fi kú. Ra orín ata fún un, kó máa rún un bí àgbàlagbà.

Ìyá Ìbejì
Ẹ má dá Baba Bọ́lá lóhùn. Sísí, omi iyọ̀ lọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí ẹ fi nù ún. Bó bá jẹ́ pé ó ń dùn ún, ẹ lọ parasitamọ́ọ̀lù, ìlàjì péré, sínú ẹja rẹ̀. Bí mo ṣe ń ṣe fún ajá wa nìyẹn.

Dókítà Ẹran, Alágbàká
Ìyá Ìbejì, ẹ foríjì mí, àmọ́ ẹ bá mi pa ọ̀rọ̀ parasitamọ́ọ̀lù yẹn rẹ́ kí ẹlòmíràn tó lò ó. Ẹyọ kan ṣoṣo tó pa ológbò, ìlàjì náà sì lè pa á. Ẹ̀dọ̀ tiwa ní ohun tó fi ń tú oògùn yẹn palẹ̀, ti ológbò kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní in rárá. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni yóò bàjẹ́: inú ẹnu á dà bí àwọ̀ kòkó, ojú àti àtẹ́lẹsẹ̀ á wú, mímí á di iṣẹ́. Mo ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, àánú ni àwọn tó ni wọ́n rò pé àwọn ń ṣe.

Sísí, eyín 30 ni ológbò tó ti dàgbà ní. Ohun tí ẹ rí yẹn, èérí rírọ̀ tó ń yọ̀ ló kọ́kọ́ jẹ́, irú èyí tí ahọ́n tiwa náà máa ń bá lára eyín láàárọ̀. Ìgbà tó ṣì rọ̀ ni búrọ́ọ̀ṣì lè mú un. Bó bá fi lo ọjọ́ díẹ̀, ohun tó wà nínú itọ́ á sọ ọ́ di òkúta, kò sì sí búrọ́ọ̀ṣì tó lè ká a mọ́. Abẹ́ ẹran ìdí eyín ni kòkòrò máa ń sá sí láti ibẹ̀. Ẹ má sì rò pé ẹ̀bi yín nìkan ni: ológbò tó ti lé ní ọdún 4 tí ìdí eyín rẹ̀ ń yọ ọ́ lẹ́nu ju ìdajì wọn lọ.

Nítorí náà, ẹ má tíì fọ nǹkan kan. Ológbò máa ń fi ìrora pamọ́. Bó bá ti dé ibi tó ń ju panla sílẹ̀, ó ti ń dùn ún gan-an nìyẹn. Bí ẹ bá ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ẹnu náà lónìí, á kórìíra búrọ́ọ̀ṣì títí ayé, ọwọ́ yín ni yóò sì kọ́kọ́ jẹ ìyà rẹ̀. Dókítà ẹranko ni kó kọ́kọ́ rí i. Wọ́n á kùn ún lóorun, wọ́n á họ eyín náà dé abẹ́, wọ́n á yọ èyí tó ti bàjẹ́. Ẹni tó bá ní òun á fi irin ha á láìkùn ún lóorun, ẹ gbé ológbò yín, ẹ máa lọ. Ibi tí ojú rí nìkan ló fẹ́ bá yín fọ̀. Kí wọ́n tún wo kíndìnrín rẹ̀, torí àìsàn kíndìnrín náà ń mú ẹnu rùn. Bí iṣẹ́ náà bá ju ti àdúgbò lọ, ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn.

Ìyá Ìbejì
Háà! Mo ti pa á rẹ́. Ẹ ṣeun, dókítà. Ọlọ́run ló yọ mí, ológbò kan ń bọ̀ wá jẹun lẹ́yìnkùlé wa.

Sísí Aránṣọ
Ẹ ṣeun o, dókítà. Ẹ̀rù owó ti ń bà mí. Lẹ́yìn tí wọ́n bá họ ọ́ tán ńkọ́, ṣé mo lè máa fọ̀ ọ́ nílé kó má tún padà?

Dúpẹ́ North Gate
Ẹ lè ṣe é, ẹ̀gbọ́n mi. Mo sin méjì nínú yàrá mi lẹ́bàá yunifásítì FUTA, mo sì ń fọ eyín àwọn méjèèjì. Aládùúgbò mi ní orí mi ò pé.

Ọṣẹ ìfọyín tiwa, rárá. Ológbò ò mọ itọ́ tu. Gbogbo fúlóráìdì àti ìfófòó inú rẹ̀ ló máa gbé mì. Wọ́n ń ta ti ẹranko, tó ní adùn adìẹ, àmọ́ omi lásán ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Kíkùn tí búrọ́ọ̀ṣì ń kùn eyín ló ń ṣiṣẹ́, adùn ọṣẹ kàn ń bá wa tù ú nínú ni.

Ọ̀sẹ̀ kìíní, ìka nìkan. Mo máa ń bọ títùsì láìfi iyọ̀, ata tàbí àlùbọ́sà sí i (májèlé ni àlùbọ́sà jẹ́ fún wọn), màá ki ìka bọ omi rẹ̀, kó lá a. Lọ́jọ́ kejì, ìka náà á fara kan ètè. Lọ́jọ́ kẹta, ó wọlé díẹ̀. Bó bá ti yí orí padà, mo fi sílẹ̀, mi ò fipá mú un. Lẹ́yìn náà mo fi aṣọ funfun wé ìka, kí n tó wá mú búrọ́ọ̀ṣì ọmọ ọwọ́.

Jíjókòó wọn ṣe pàtàkì. Mo kọ́kọ́ ń kọjú sí wọn, wọ́n sì ń ya mí lọ́wọ́. Ní báyìí mo máa ń fi í sáàárín ẹsẹ̀ mi, kó kẹ̀yìn sí mi, bí ìgbà tí wọ́n ń dirun fún ọmọ. Ọwọ́ òsì á di àgbọ̀n mú, àtàǹpàkò á ká ètè sókè. Ẹ ò ní la ẹnu rẹ̀ rárá. Ẹ̀gbẹ́ ìta nìkan, pàápàá eyín ẹ̀yìn lókè. Ahọ́n rẹ̀ tó le bí kànìnkànìn ń bá yín fọ inú. Ààbọ̀ ìṣẹ́jú fún apá kan ti tó. Ojoojúmọ́ ló dáa jù.

Baba Bọ́lá
Ojoojúmọ́! Èmi gan-an ń gbàgbé tèmi. Egungun adìẹ ńkọ́, ṣé kò ní bá a ha á?

Dókítà Ẹran, Alágbàká
Baba, egungun tí wọ́n ti sè máa ń ya ṣóńṣó, ó lè há a lọ́fun tàbí kó lu ìfun. Ẹ bá wa fi orín ata náà sílẹ̀ fún ara yín.

Sísí Aránṣọ
Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lónìí. Wọ́n yọ eyín 2, wọ́n họ ìyókù. Ọjọ́ kẹta ló ti ń jẹ ẹja rírọ̀, lánàá ó gba orí panla, kò ju ohunkóhun sílẹ̀. Ìka nìkan ni mo fi ń ṣe é láti ọjọ́ mọ́kànlá tí dókítà ti ní ojú ọgbẹ́ rẹ̀ ti jinná. Lónìí mo yọ búrọ́ọ̀ṣì, ó fẹnu gbà á lọ́wọ́ mi, ó gbé e sá sábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Màmá mi wà níta ṣọ́ọ̀bù, ó na ọrùn, ó ń wò wá. Kò tíì wọlé ṣá.

Dúpẹ́, búrọ́ọ̀ṣì tí mo rà yìí le bí ìgbálẹ̀. Ọmọ ọwọ́ ni wọ́n kọ sí i lára o.

Dúpẹ́ North Gate
Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná díẹ̀, á rọ̀. Kẹ́ ẹ jẹ́ kó tutù kẹ́ ẹ tó lò ó. Ẹ bá mi kí màmá.