Funfun nísàlẹ̀ ògiri pálọ̀, dúdú lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù: ṣé ohun kan náà ni?

Ìyá Ìbejì, Kubwa

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ilé. Ilé tí a ń gbé ní Kubwa kì í ṣe ilé àtijọ́, a sì kun inú rẹ̀ kí òjò ọdún yìí tó bẹ̀rẹ̀. Nísinsìnyí, ohun méjì ni mo ń rí lára ògiri. Ní pálọ̀, nǹkan funfun kan ń tú jáde láti ìsàlẹ̀ títí dé ibi orúnkún, ọ̀dà ibẹ̀ ń wú, ó sì ń ṣí bí èèpo. Bí mo bá fọwọ́ rà á, ó ń rí bí iyẹ̀fun tó ní yanrìn nínú. Ní yàrá àwọn ọmọ, lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ, àmì dúdú wẹ́wẹ́ ni ó kún ara ògiri, ó sì ń rùn bí aṣọ tí a ká nígbà tí kò tíì gbẹ. Akunlé wa ní gbogbo rẹ̀ ni ògiri tó bu, pé kí a fi Hypo fọ̀ ọ́, kí a sì fi ọ̀dà gloss bò ó mọ́lẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ní ikọ́ fée, nítorí náà n kò fẹ́ kí a dáwọ́ lé ohun tí kò dá wa lójú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Bíríkìlà Lugbe

Ẹ kú àmójútó ilé, Ìyá Ìbejì. Ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni méjèèjì, ó sì ṣe pàtàkì kí ẹ mọ̀ wọ́n yàtọ̀ kí ẹ tó gbé omi tàbí búrọ́ọ̀ṣì sún mọ́ ògiri, nítorí pé ìtọ́jú tí ó bá ọ̀kan mu ni ó ń ba èkejì jẹ́.

Èyí tó wà ní pálọ̀ jọ iyọ̀ lójú mi; ti yàrá àwọn ọmọ ni ó jọ ohun tó bu. Iyọ̀ yìí wà nínú yanrìn, nínú sìmẹ́ńtì, nínú búlọ́ọ̀kù àti nínú ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Omi ni ó ń yọ́ ọ, tí ó sì ń gbé e gba inú ògiri. Nígbà tí omi náà bá dé ojú ògiri tí afẹ́fẹ́ sì fà á gbẹ, iyọ̀ kò ní lè bá a lọ, yóò dúró síbẹ̀, yóò sì máa ti ọ̀dà kúrò. Ẹ fi ọ̀bẹ ha díẹ̀ sínú ṣíbí, kí ẹ kán omi sí i. Bí ó bá yọ́, iyọ̀ ni; ohun tó bu kì í yọ́ nínú omi. Ẹ tún tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́: iyọ̀ a máa dán yinrinyinrin bíi ṣúgà, ṣùgbọ́n ohun tó bu a máa ní irun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí èyí tí ń hù lórí búrẹ́dì tó ti pẹ́. Ẹ má fi àwọ̀ nìkan dájọ́, nítorí pé ohun tó bu náà lè funfun, ó lè dúdú, ó sì lè rí bí ewé. Ní agbègbè wa yìí, ohun tó bu a máa gbilẹ̀ nígbà òjò, ṣùgbọ́n ìgbà ọyẹ́ ni iyọ̀ ń tú jáde jù, nítorí pé gbígbẹ ni ó ń fà á síta. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ óò rí i jù báyìí lọ ní oṣù Kejìlá.

Ẹ má fi omi fọ iyọ̀, nítorí pé omi yóò yọ́ ọ, ògiri yóò sì tún fà á mu. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni kí ẹ fi gbá a, kí ẹ kó o dànù. Lẹ́yìn náà, ẹ wá orísun omi. Omi tó ń gun ògiri láti inú ilẹ̀ kì í sábà kọjá mítà 1 àbọ̀; bí ọ̀rinrin bá ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ wo páìpù tàbí òrùlé. Ẹ gé ọ̀rá kan, ẹ fi téèpù lẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ògiri fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Bí omi bá wà lẹ́yìn ọ̀rá náà, láti inú ògiri ni ó ti ń wá. Bí ó bá jẹ́ iwájú rẹ̀ ni ó tutù, inú afẹ́fẹ́ yàrá ni.

Nọ́ọ̀sì, Zaria

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Bíríkìlà. Ti yàrá àwọn ọmọ ni ó jẹ mí lógún. Ní 2009, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìwé ìtọ́sọ́nà jáde lórí ọ̀rinrin àti ohun tó ń bu nínú ilé, ó sì hàn níbẹ̀ pé ìṣòro mímí àti ikọ́ fée pọ̀ láàárín àwọn tí ń gbé inú ilé tó ń rin. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kó àwọn ọmọ sí yàrá mìíràn títí iṣẹ́ yóò fi parí.

Ohun tó bu kò ṣe é gbá ní gbígbẹ bí iyọ̀, nítorí pé irúgbìn rẹ̀ tí ojú kò lè rí yóò fò káàkiri yàrá. Ẹ kọ́kọ́ rin ín, kí ẹ wá fi omi ọṣẹ àti kànrìnkàn nù ún; ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú, kí fèrèsé wà ní ṣíṣí. Bí ẹ bá fẹ́ lo Hypo, kò gbọdọ̀ ju ife 1 lọ nínú omi lítà 4. Mo bẹ̀ yín, ẹ má da Hypo pọ̀ mọ́ fínígà tàbí ọṣẹ ìfọlé tó ní ammonia, nítorí pé èéfín tí yóò jáde lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ má sì rò pé bí àmì dúdú náà bá ti ṣí, iṣẹ́ ti parí: èyí tó ti kú pàápàá ṣì lè bí ẹni tó ní ikọ́ fée nínú, nítorí náà nínù kúrò ni ó ṣe pàtàkì ju pípa lọ.

Akunlé, Kàdúná

Ẹ má fi gloss bò ó. Gloss kì í jẹ́ kí ògiri mí. Omi tó wà nínú rẹ̀ yóò wá ọ̀nà mìíràn jáde, yóò sì ṣí ọ̀dà náà ní abala ńláńlá. Lórí ògiri tí wọ́n fi POP ṣe screeding, ìyẹn ni pé wọ́n fi í dán ojú ògiri kí wọ́n tó kùn ún, ó tún burú jù, nítorí pé POP fẹ́ràn omi púpọ̀. Ọ̀dà tí wọ́n fi oògùn tó ń dènà bíbu sí dára, ṣùgbọ́n ògiri gbígbẹ tí a ti nù mọ́ ni ó wà fún.

Ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu bà: èéfín jẹnẹrétọ̀ àti ti sítóòfù náà máa ń fi àmì dúdú sára ògiri. Ẹ kán omi Hypo tí ẹ ti là sí ojú kan. Bí ó bá funfun láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ohun tó bu ni, bí kò bá yí padà, èéfín tàbí ìdọ̀tí ni.

Ìyá Ìbejì, Kubwa

Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run yóò sọ ilé yín ró. Èyí tó funfun yọ́ nínú ṣíbí, omi sì wà lẹ́yìn ọ̀rá ní pálọ̀. Lóde ògiri náà, erùpẹ̀ tí wọ́n kó jọ nígbà tí wọ́n ń mọ fẹ́ǹsì ga ju ilẹ̀ pálọ̀ lọ. Èyí tó dúdú funfun nígbà tí mo kán Hypo sí i. Ní yàrá náà, iwájú ọ̀rá ni ó tutù. Ibẹ̀ ni a ń sá aṣọ sí nígbà òjò, a sì máa ń ti fèrèsé nítorí ẹ̀fọn.

Bíríkìlà Lugbe

Ó ti yé wa báyìí. Ẹ kó erùpẹ̀ yẹn kúrò títí yóò fi relẹ̀ ju ilẹ̀ pálọ̀ lọ ní sẹ̀ǹtímítà 15 ó kéré tán, kí ẹ sì ṣe ojú omi tí yóò gbé òjò jìnnà sí ògiri. Ní yàrá, ẹ fa kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lára ògiri kí afẹ́fẹ́ lè gba ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì sí fèrèsé kí ó lè máa ṣí, kí aṣọ sì máa gbẹ ní báríkọ̀ni. Ẹ má tíì pe akunlé o. Ẹ jẹ́ kí ọyẹ́ fa ògiri pálọ̀ gbẹ, kí ẹ máa gbá iyọ̀ rẹ̀ bí ó ti ń jáde. Nígbà tí kò bá jáde mọ́, a ó ha ìrẹ́ tó ti bàjẹ́ títí kọjá ibi tí àmì dé, a ó tún un rẹ́, yóò sì gba bí ọ̀sẹ̀ 4 kí ọ̀dà tó kàn án.